Yúróòpù àbí Amẹ́ríkà? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo omi tó wà lábẹ́ ilé wa ní Ajah

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ka kẹ́mísìrì ní yunifásítì pè mí lórí fóònù. Ó ti rí ààyè ẹ̀kọ́ gbà ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ní Texas ní Amẹ́ríkà, ìkejì ní Jámánì. Ó ní, "Ìwọ tí o máa ń ka ìwé kiri yìí, sọ òótọ́ fún mi. Níbo ni ayé ti dẹrùn jù, Yúróòpù àbí Amẹ́ríkà?"

Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà nígbà tó pè, lójú títì Lekki sí Epe. A ti dúró sójú kan fún bí ogójì ìṣẹ́jú nítòsí Jakande. Lọ́wọ́ ọ̀tún mi, jíìpù ńlá kan wà níbẹ̀, wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa, ẹni tó jókòó sẹ́yìn ń sùn nínú afẹ́fẹ́ tútù. Lọ́wọ́ òsì mi, ọmọkùnrin kan ru píọ̀ wọ́tà, ó ń kiri láàárín àwọn ọkọ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan náà. Mo wá dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn pé, "Ìbéèrè rẹ kò tíì pé. Ayé ta ni?"

Mi ò ráyè ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kọ́ńdọ́ ti ń pariwo owó. Torí náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ níbí bó ṣe yẹ. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti Texas tàbí Berlin o. Láti Lekki sí Ajah ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ibí ni mò ń gbé, ibí náà ni mo ti rí i pé oríṣiríṣi ayé lè wà lójú títì kan ṣoṣo.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ìpíndọ́gba máa ń tanni jẹ

Ẹ mú bírò, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní dánfó kan fẹ́ gbéra ní Ajah lọ sí CMS, èrò mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́tàlá nínú wọn ń gba ₦100,000 lóṣù. Ẹnì kẹrìnlá jẹ́ olówó tí ọkọ̀ rẹ̀ bà jẹ́ lójú ọ̀nà. ₦50,000,000 ló ń wọlé fún un lóṣù. Tí ẹ bá ro owó gbogbo wọn pọ̀, tí ẹ wá pín in sí ọ̀nà mẹ́rìnlá, ẹ máa rí i pé ó lé ní ₦3,600,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ṣé ẹ wá lè sọ pé olówó ni èrò inú dánfó yẹn? Rárá o. Tí ẹ bá tò wọ́n láti ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù dé ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, tí ẹ sì wo ẹni tó wà láàárín gbùngbùn, ₦100,000 náà ló ń gbà. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé "orílẹ̀-èdè báyìí lówó ju tọ̀hún lọ", ẹ bi í bóyá ìpíndọ́gba ló ń kà, tàbí ẹni àárín.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mọ ìṣòro yìí. Ní ọdún 1990, Mahbub ul Haq, ọmọ orílẹ̀-èdè Pakistan, àti Amartya Sen, ọmọ Íńdíà, jẹ́ kí àjọ UNDP bẹ̀rẹ̀ sí í lo òṣùwọ̀n tuntun kan. Kì í ṣe owó nìkan ni òṣùwọ̀n náà ń wò. Ó ń wo bí ẹ̀mí àwọn ènìyàn ṣe ń gùn tó, bí wọ́n ṣe kàwé tó, lẹ́yìn náà ló wá wo owó. Ní ọdún 2010, wọ́n tún fi apá kan kún un: wọ́n ń yọ máàkì kúrò fún orílẹ̀-èdè tí àwọn nǹkan rere wọ̀nyí kò bá kárí. Nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́ báyìí, Amẹ́ríkà máa ń já wálẹ̀ lórí àtẹ. Owó wà níbẹ̀ o, àmọ́ kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo èrò inú dánfó.

Ẹ̀kọ́ kejì: ìlú wo ni kò ní àkàbà?

Ẹ má rò pé kò sí olówó àti mẹ̀kúnnù ní Yúróòpù o. Ní ọdún 1967, àwọn onímọ̀ ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní London lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ọkùnrin tó lé ní 17,000. Whitehall ni wọ́n pe ìwádìí náà, torí àdúgbò tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà nìyẹn. Gbogbo wọn ló níṣẹ́ lọ́wọ́. Gbogbo wọn ló láǹfààní sí ètò ìlera tí ìjọba Bìrìtìkó dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, níbi tí dókítà kì í ti í béèrè owó kó tó yẹ aláìsàn wò. Síbẹ̀, ikú àìsàn ọkàn láàárín àwọn òjíṣẹ́ àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà jẹ́ bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn ọ̀gá pátápátá. Ohun tó ya Michael Marmot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu jù ni pé àwọn tó tẹ̀ lé ọ̀gá pátápátá gan-an, tí ebi kò pa rárá, kú ju àwọn ọ̀gá náà lọ. Bíi àkàbà ló rí: ìlera ń dínkù ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Ní ọdún 2016, Raj Chetty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tó lówó jù wé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tó tálákà jù. Láàárín àwọn ọkùnrin, ẹ̀mí olówó fi ọdún 14.6 gùn ju ti tálákà lọ. Láàárín àwọn obìnrin, ọdún 10.1 ni.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká gbé àkàbà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìwé ìmọ̀ ìṣègùn New England Journal of Medicine tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 73,838 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 50 sí 85, ní Amẹ́ríkà àti ní orílẹ̀-èdè 16 ní Yúróòpù. Láti ọdún 2010 dé 2022 ni wọ́n fi tọ́pa wọn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ọrọ̀ wọn ṣe tó. Níbi gbogbo, olówó ló ń pẹ́ láyé jù. Àlàfo tó wà láàárín olówó àti tálákà sì fẹ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Èyí tó jẹ́ kí n gbé fóònù mi sílẹ̀ nígbà tí mò ń kà á nìyí: ìdá mẹ́rin tó lówó jù ní Amẹ́ríkà kò pẹ́ láyé ju ìdá mẹ́rin tó tálákà jù ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi Jámánì, Faransé àti Netherlands.

Ẹ tún un kà. Olówó Amẹ́ríkà, tálákà Jámánì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba.

Ìyẹn kò sọ pé Amẹ́ríkà kò dára. Ẹnjiníà tàbí dókítà níbẹ̀ sábà máa ń gbowó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yúróòpù lọ, ilé rẹ̀ sì máa ń tóbi ju tẹni tọ̀hún lọ. Àmọ́ òfin European Union ní kí òṣìṣẹ́ gba ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́dún. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò fi dandan lé ọjọ́ kan péré. Ní Vienna, olú ìlú Austria, bí ìdajì àwọn ará ìlú ló ń gbé nínú ilé tí ìjọba kọ́ tàbí tí ìjọba fowó ràn lọ́wọ́, tíṣà àti awakọ̀ lè jọ máa gbé lórí àtẹ̀gùn kan. Ní Amẹ́ríkà, tí ẹni tí kò tíì tó 65 bá pàdánù iṣẹ́, ó lè pàdánù adójútòfò ìlera rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀kọ́ kẹta: ohun tí a jọ ní àti ohun tí kálukú ń rà

Mo ti wá rí i pé orí ìbéèrè kan ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé: àwọn nǹkan wo ni ará ìlú jọ ní, àwọn nǹkan wo sì ni kálukú ń fi owó ara rẹ̀ rà? Omi, iná, ọ̀nà, ààbò, ilé ìwòsàn, ilé ìwé. Ibi tí wọ́n bá ti jọ ní púpọ̀ nínú wọn, àkàbà ibẹ̀ kì í ga jù. Ibi tí kálukú bá ti ń dá rà á, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń jìyà jù.

Ẹ wá wo àdúgbò wa. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wó Maroko, níbi tí nǹkan bí 300,000 ènìyàn ń gbé. Lára wọn kó lọ sí ilé ìjọba ní Ilasan, nítòsí Jakande níbi tí bọ́ọ̀sì wa dúró sí. Orí ilẹ̀ tí wọ́n ti kúrò ni àwọn ilé olówó wà lónìí lápá Oniru. Látìgbà yẹn, láti Lekki Phase 1 dé VGC dé Badore dé Sangotedo, géètì là ń kọ́. Ẹ́sítéètì kọ̀ọ̀kan dà bíi ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀: ó ń wa omi fúnra rẹ̀, ó ń gba máìgádì fúnra rẹ̀, ó ń da sàǹgílítì sójú ọ̀nà rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Iná pàápàá ti ní àkàbà, lẹ́tà ABD ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Band A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán. Band B, 16. Band C, 12. Band D, 8. Band E, wákàtí 4. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná Band A fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún yúnìtì kan. Ẹ ò rí i pé a kì í tún béèrè pé "ṣé olówó ni ẹ́?" mọ́. "Band wo lẹ wà?" ti tó.

Ìgò méjì

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kàn mí gan-an. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń gbé ní Langbasa, lẹ́yìn Ajah. Ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Láàárín oṣù mẹ́rin, ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹta, ojú rẹ̀ ti jìn sínú kí a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n mi ní eyín ni, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni tọmọdé. Èmi ò gbà.

Lẹ́yìn kíláàsì mi, mo máa ń lọ kọ́ àwọn ọmọ kan ní kẹ́mísìrì nínú ẹ́sítéètì kan lápá Lekki. Mo bẹ màmá wọn pé kí n bu omi bọ́hòlù wọn díẹ̀ kó tó kọjá nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, kí lẹ fẹ́ fi omi burúkú yẹn ṣe?" Mo bu tiwa náà ní Langbasa. Ìgò méjèèjì, mo gbé wọn lọ sí láàbù wa.

Mo ṣe ohun méjì. Èkíní, mo fi ẹ̀rọ tó ń wo bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú omi kọjá wọ̀n wọ́n. Bí iyọ̀ inú omi bá ṣe pọ̀ tó ni iná ṣe máa ń rọ́nà kọjá tó. Èkejì, mo rọ omi sínú ìgò tí pépà kan tí a ti rẹ sínú kẹ́míkà wà, mo gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí irú bakitéríà tó ń gbé inú ìfun ènìyàn bá wà nínú omi náà, àwọn kan nínú wọn máa mú gáàsì kan jáde, ìgò á sì dúdú láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta.

Omi ẹ́sítéètì yẹn kò dúdú. Àmọ́ iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ gan-an. Tiwa kò níyọ̀ púpọ̀, àmọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìgò tiwa ti dúdú bíi èédú.

Kí ló fà á? Bọ́hòlù wa kò jìn, torí ẹni tó ń gbẹ́ ẹ ń gba owó lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ṣọ́kàwè wa kò sì ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí i. Iyanrìn ni ilẹ̀ wa, omi sì wà nítòsí òkè. Nígbà òjò, omi ilẹ̀ máa ń ga débi tó fi máa ń kan ohun tó wà nínú ṣọ́kàwè. Àwọn onímọ̀ sábà máa ń gbani níyànjú pé kí àlàfo tó wà láàárín méjèèjì tó mítà 30. Lórí púlọ́ọ̀tì kan tí ìdílé mẹ́jọ ń gbé, níbo lèèyàn á ti rí mítà 30?

Ti ẹ́sítéètì yẹn ńkọ́? Tiwọn jìn, torí náà ó bọ́ lọ́wọ́ ṣọ́kàwè, àmọ́ ó sún mọ́ òkun. Òkun Àtìláńtíìkì wà lápá kan Lekki, ọ̀sà wà lápá kejì. Omi òjò tó ti rì sínú iyanrìn ló léfòó lórí omi iyọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Lítà kan omi tútù jẹ́ kílò kan. Lítà kan omi òkun jẹ́ bíi kílò 1.025. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ló jẹ́ kí omi tútù lè léfòó. Bíi ọkọ̀ ojú omi ló rí: díẹ̀ ló yọ sókè, èyí tó pọ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ pín 1 sí ọ̀nà 0.025, ẹ ó rí 40. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fún mítà kan omi tútù tó ga ju ojú òkun lọ, mítà 40 ló wà nísàlẹ̀. Badon Ghijben ní Netherlands àti Herzberg ní Jámánì ló ṣàlàyé èyí, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹ wá yí ìṣirò yẹn padà. Tí gbogbo wa bá fa omi débi tí ojú omi ilẹ̀ fi lọ sílẹ̀ ní mítà kan péré, omi iyọ̀ lè gòkè díẹ̀díẹ̀ dé mítà 40. Kò sí géètì tó lè dá a dúró. Omi tí olówó ń fà fún ibi ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti omi tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń se ẹ̀wà, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń bù ú.

Ohun tí owó kò lè dá rà

Owó ní agbára o, mi ò ní purọ́. Màmá àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ra ẹ̀rọ tó ń sẹ́ iyọ̀ kúrò, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í sì í ṣu gbuuru. Àwa ń ra píọ̀ wọ́tà, a ń ra oògùn, a ń ra epo jẹnẹrétọ̀. Tí ẹ bá wo ohun tó ń kù lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, àwa là ń san jù.

Síbẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí géètì kì í lè tì síta. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀ ní oṣù keje ọdún 2017, omi wọ ilé olówó ní Lekki àti Victoria Island, ọkọ̀ ńláńlá rì dé fèrèsé. Afẹ́fẹ́ náà ńkọ́? Ilé ìfowópamọ́ àgbáyé, World Bank, ṣírò pé afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí pa ènìyàn bíi 11,200 láìtọ́jọ́ ní Èkó ní ọdún 2018, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì ju ìdajì wọn lọ. Èéfín jẹnẹrétọ̀ wà lára ohun tó fà á.

Kódà ní Amẹ́ríkà, ìlú Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n yí omi ẹ̀rọ ìlú náà sí ti odò kan kí wọ́n lè dín owó kù. Wọn kò fi kẹ́míkà tó yẹ sí i, omi náà wá ń jẹ páìpù àtijọ́, òjé sì ń yọ́ sínú omi táwọn ọmọ ń mu. Púpọ̀ nínú àwọn ará ìlú yẹn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tálákà sì pọ̀ láàárín wọn. Orílẹ̀-èdè tó lówó jù láyé ló ṣẹlẹ̀ sí o.

Èsì mi fún ọ̀rẹ́ mi

Nínú ìtàn àwọn baba wa, kí ènìyàn tó wá sáyé, á kọ́kọ́ dé ilé Àjàlá alámọ̀ láti yan orí. Gbogbo orí ló ń dán lójú. Ẹni tó ń yàn kò mọ èyí tó ti sán. Ìwọ náà wo ọ̀rọ̀ Texas àti Jámánì bẹ́ẹ̀. Tí o bá dá ara rẹ lójú pé orí òkè àkàbà lo máa bá ara rẹ, owó Amẹ́ríkà pọ̀, lọ gbà á. Àmọ́ tí o kò bá mọ ibi tí o máa dúró sí, bóyá àìsàn lè dé, bóyá iṣẹ́ lè bọ́, ibi tí ìsàlẹ̀ àkàbà kò ti jìn sókè ni kí o yàn. Ó ní òun ṣì ń rò ó.

Èmi ní tèmi, mo gbé ìgò dúdú yẹn lọ bá bàbá onílé wa. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo omi tí à ń mu." Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní àwọn ayálégbé kò ní fẹ́ dá owó láti gbẹ́ ṣọ́kàwè mìíràn. Mo ti lọ láti yàrá dé yàrá. Ìdílé márùn-ún nínú mẹ́jọ ti gbà láti dá sí i. A ṣì ń bẹ àwọn mẹ́ta tó kù.

Kí ẹ tó rí owó tiyín, ẹ lè ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí nílé:

Ẹ ka ìṣísẹ̀ láti bọ́hòlù yín dé ṣọ́kàwè, tiyín àti ti aládùúgbò.

Ẹ jẹ́ kí omi mímu hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan gbáko kí ẹ tó gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó máa pa kòkòrò, àmọ́ kò lè yọ iyọ̀ kúrò.

Tí gáàsì bá wọ́n, ẹ rọ omi tó mọ́ gaara sínú ìgò ike tí kò ní àwọ̀, ẹ sá a sí oòrùn fún wákàtí mẹ́fà. Tí ojú ọ̀run bá ṣú, ọjọ́ méjì gbáko ni.

Tí omi yín bá ń di pupa lẹ́yìn tí ẹ bá pọn ọ́n, irin tó wà nínú rẹ̀ ló pàdé afẹ́fẹ́. Aṣọ funfun ló máa ń bà jẹ́. Èyí tó ń pa ọmọ kì í sábà ní àwọ̀ rárá.

Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń se omi, ìgbẹ́ gbuuru kò tíì padà wá. Lánàá, ọmọ náà ń sá eré kiri nínú ilé pẹ̀lú ife rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń da omi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pariwo mọ́ ọn pé, "Má da omi nù! Gáàsì ni mo fi sè é o!"